Kí la gbé jáde lọ́dún yìí, kí la fi sílé?

Ọdún 2025 ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti kọ ìròyìn tiwọn ránṣẹ́: iye ilé ìwé, iye ọmọ, iye fọ́tò. Èmi náà ti kọ tèmi. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ni mo bá ní kí n gbé e wá síbí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ mi, oníṣẹ́ ọnà ni mí. Mùsíọ́mù kan ló máa ń pè mí kí n bá wọn gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tọ ará ìlú lọ: ilé ìwé, ààfin, gbọ̀ngàn ìlú, nígbà mìíràn abẹ́ igi odán lásán. Ojúlówó kì í jáde o. Ta ni yóò gbé orí Ifẹ̀, àwọn orí idẹ àtijọ́ yẹn, sínú bọ́ọ̀sì? Ẹ̀dà la máa ń gbé, pẹ̀lú fọ́tò gbàgbà-gbàgbà, aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, àti ohun tí ọmọdé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àpótí ńlá kan tí ọkùnrin méjì máa ń gbé.

Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí á yọ ère kúrò nínú rẹ̀. Àwọn òbí kan ti lọ fẹjọ́ wa sùn ní ilé ìwé ọmọ wọn lọ́dún tó kọjá pé à ń kó òrìṣà wá bá àwọn ọmọ. Ilé ìwé mìíràn tún fagi lé wa láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí á débẹ̀, bọ́ọ̀sì ti gbéra. Bí epo ṣe wọ́n láti 2023 yìí, irú ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bó ṣe di pé adìrẹ, ìkòkò àti ìlẹ̀kẹ̀ la ń gbé káàkiri nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀dà orí Ifẹ̀ kan. Ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kò sẹ́ni tó bínú sí orí Ifẹ̀ rí. Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ti di àwòrán inú ìwé ọmọ ilé ìwé, gbogbo ayé ti mọ̀ wọ́n, nítorí náà wọn kì í ṣe òrìṣà mọ́. Ère onígi ló ń ba àwọn òbí lẹ́rù.

Kí n má purọ́, adìrẹ ṣiṣẹ́ dáadáa. Adìrẹ ẹlẹ́kọ la yàn láàyò, nítorí kò gba ẹ̀rọ: ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sí, ìyẹ́ adìyẹ, aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọbẹ̀. Ní ìlú kan lápá Ọ̀ṣun, àwọn ọmọ ń fi ìyẹ́ tẹ aṣọ bí ẹni ń fi gègé tẹ ìwé, ẹ̀kọ ń dà síbi tí a kò rán an. Ìyá àgbà kan tó ti ń wò wá látẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dìde wá. Ó tọ́ ẹ̀kọ wò, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò sẹ́ ẹ kúnná.” Ó gba ìyẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó fi eyín gé ṣóńṣó ẹnu rẹ̀, ó tẹ aṣọ náà sórí pátákó, ó sì fà á lọ láìgbọ́wọ́ sókè. “Má fi tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó máa rìn lórí rẹ̀.” Opó ló ń yà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, mo sì ti mọ̀ kó tó parí: opó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, èyí tó wà lára adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun, ṣùgbọ́n nígbà tí kàm̀pálà gbòde, ẹlẹ́kọ kò pawó mọ́, òun sì gba ọjà lọ. A kò tún rí àyè kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan lọ́jọ́ náà. Ìyá gba kíláàsì lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ Mùsíọ́mù Àgbáyé, 18 oṣù karùn-ún, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lọ́dún yìí. Àwọn ènìyàn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú gèlè, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Olóṣèlú kan sọ̀rọ̀ odò tó gbàgbé orísun rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á máa lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a gbé ère ìbejì jáde lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tí mo wí ni pé bí a bá ń fi ère pa mọ́, a ń jẹ́rìí sí i pé ohun ìtìjú ni. Ọ̀gá rò ó títí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má ṣe é ní ilé ìwé. Gbọ̀ngàn ìlú ni a ti ṣe é. Méjì la gbé lọ, tuntun, agbẹ́gilére kan ló bá wa gbẹ́ wọn, pẹ̀lú fọ́tò ńlá ti ojúlówó kan.

A kò tí ì tú àpótí tán tí bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ dání fi bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kó wá bá àwọn ọmọ wa yìí?”

Mo ní, “Ọmọ tó kú ni, bàbá.”

Ó dákẹ́. Mo wá ṣàlàyé: ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù láyé, láyé àtijọ́ ikú sì máa ń mú ọ̀kan tàbí méjèèjì lọ. Bí babaláwo bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, ìyá yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò máa fún un lóúnjẹ, yóò fi osùn pa á, yóò wọ aṣọ fún un. Ọmọ ọkùnrin yẹn ti sún mọ́ fọ́tò. Ó ní, “Ojú ẹ̀ dà?” Òótọ́ ló sọ. Imú ti pẹlẹbẹ, ẹnu ti parẹ́, ojú kò ju ìlà tín-ín-rín méjì lọ, nígbà tí irun orí ṣì mú rekete. Wíwẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ọwọ́ ìyá ló pa ojú ọmọ náà rẹ́. Mo ti ka ohun tó pọ̀ lórí ère ìbejì, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọdé yẹn ló jẹ́ kí n rí bí àlàyé ara páálí mùsíọ́mù ṣe gbẹ tó: “igi, osùn, ìlẹ̀kẹ̀”, ó parí.

Àwọn àgbàlagbà ló gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́nu mi. Ọ̀kan bínú pé a gbé ìbejì wá ní ìhòòhò, pé ta ló ń gbé ọmọ jáde láìsí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn àti nídìí? (A ti fi sí i báyìí.) Bàbá yẹn kò lọ. Kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan ère, ṣùgbọ́n ó dúró títí a fi palẹ̀ mọ́, ó sì bi mí léèrè bóyá Mùsùlùmí ni mí. Ìyẹn tó mi. N kò wá yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Mo kàn ń fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọ̀ ni.

Mo sọ ti Lamidi Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére, fún un. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí pọ́ńbélé. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele, ọmọ Àreògún tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére, ní ibi iṣẹ́ tí àwọn Fadá Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1947, níbi tí wọ́n ti ń fi ọnà Yorùbá gbẹ́ ìtàn Bíbélì. Ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì OAU, Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bàbá ní, “Lamidi?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Alájì ni.”

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo la ń lò níbi kọ̀ọ̀kan. A ó dé, a ó tú ẹrù, a ó dìde. Ọdún yìí ló pé ogún ọdún tí UNESCO gba igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sí àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, mo sì lo àsìkò púpọ̀ láti ronú lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yẹn. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, sọ ilé ọtí rẹ̀ di ibùdó ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo. Nígbà tí Georgina Beier, ayàwòrán, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1964, òṣèré àti oníjó ló wọ ibẹ̀: Muraina Oyelami, Twins Seven Seven. Jimoh Buraimoh, iṣẹ́ iná ló ń bá ẹgbẹ́ Ládípọ̀ ṣe, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ni ń gbé ìlú náà, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó ṣe ọ̀pọ̀ ère inú igbó Ọ̀ṣun, kò sì kúrò ní Òṣogbo títí ó fi kú ní 2009. Àwa ńkọ́? Ọmọ tó fẹ́ràn ẹlẹ́kọ lónìí, ta ni yóò wá lọ́la?

Mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà kì í ṣe ti Èkó. Ẹsìẹ́ ni, ìlú kékeré ní Kwara, 1945, níbi tí ère olókùúta tó ju 800 lọ wà. Ti Oníkan ní Èkó kò dé títí di 1957. Wọ́n kọ́ ti Ẹsìẹ́ sí ìlú tí àwọn ère wà. Èmi rò pé ọgbọ́n wà níbẹ̀ ju nínú bọ́ọ̀sì wa lọ.

Nítorí náà, mo ti kọ̀wé sí wọn fún ọdún tó ń bọ̀. Kí á dín ìlú kù, kí á sì máa padà síbi kan náà lóṣooṣù. Kí á sanwó fún ìyá ẹlẹ́kọ yẹn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kì í ṣe “ẹ ṣé, mà” lásán. Mo tún fẹ́ kí á gbé fọ́tò ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, lọ sí Èkìtì, èyí tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n fi hàn níbi àfihàn ńlá ní Wembley, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, tí British Museum sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó gbà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yóò sọ nípa pàṣípààrọ̀ yẹn.

Ọ̀gá ti fọwọ́ sí ti ère ìbejì, wọ́n ní ó lè wà nínú àpótí títí lọ. Lórí owó ìyá ẹlẹ́kọ, wọ́n ṣì ń rò ó. Ilẹ̀kùn yẹn la nílò agbẹ́gilére fún, ẹni tó lè gbẹ́ páńẹ́lì kan péré fún wa kó tó di oṣù kẹta, kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ bà á. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan lápá Èkìtì tàbí Ìlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe wa fún un.