Kẹ̀kẹ́ Mi Lórí Òrùlé Bọ́ọ̀sì

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ pé jọ ní ìlú mìíràn, mo rò pé kí ẹsẹ̀ sá ti le ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Kàbbà kò sì ní í wá òkè tì, nítorí náà, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jí gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹ̀kìnrìn-Àdé kí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó gba títì, tí mo sì ń padà sílé pẹ̀lú ìgboyà pé Jos kò lè rí mi gbé ṣe.

Inú gáréèjì gan-an ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà ní kẹ̀kẹ́ kò lè wọ inú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì dè é mọ́ orí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gààrí. Nígbà tí a dé Lọ́kọ́ja, wọ́n to iṣu lé e. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Jos, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi so jíà ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú, ṣéènì sì ń fò láti orí eyín kan bọ́ sí òmíràn ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ pẹ́dà. Jíà kan ṣoṣo ni mo fi gun òkè ọjọ́ náà, ní ìlú tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, tí èémí sì ti ń tán mi kí n tó rìn jìnnà. Èmi ni mo kẹ́yìn gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà, orí kẹ̀kẹ́ ni ètò mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń yọ táyà iwájú, mo sì máa ń ki igi sáàárín ẹsẹ̀ irin méjèèjì tó di táyà náà mú, kí ẹrù má baà fún wọn pọ̀. Mo máa ń tú pẹ́dà pẹ̀lú, àmọ́ ti apá òsì ní àrékérekè tirẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ni a ń yí i sí kó tó tú, èmi tí mi ò mọ̀ sì ti fi agídí ba ọ̀kan jẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sanwó ìjókòó méjì, kí kẹ̀kẹ́ lè jókòó tì mí. Owó náà ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó ti iṣu ọjọ́sí.

Bó bá jẹ́ ibi gíga ni mò ń lọ, mo máa ń débẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìhà Àkúrẹ́ àti Ìdànrè, tí mo ń gba Òmùò lọ, omi mímu ni mo máa ń rù púpọ̀, torí ooru igbó kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára. Kigali, olú ìlú Rwanda, ló kù tí mò ń lá lálàá rẹ̀, níbi tí ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ orí títì ti wáyé ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà.

Ìyá mi wò mí láàárọ̀ àná bí mo ti gbé kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà lé èjìká, wọ́n bi mí pé, “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo gan-an ló ń gbé èkejì?”