Halla: ẹṣin tí ó ṣe Winkler léṣe, tí ó sì gbé e débi ògo

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1956, ní pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní ìlú Stockholm, ní ìpele kejì ìdíje ìdènà fífò ti Òlíḿpíìkì, abo ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Halla fo gbogbo ìdènà tí wọ́n tò sílẹ̀ fún un láìgbá ọ̀pá kankan ṣubú, nígbà tí ọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, Hans Günter Winkler ọmọ Jámánì, ń jẹ̀rora débi pé ó ń kígbe bí wọ́n ti ń fò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ràn ẹṣin ni ó mọ ìtàn yìí, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu kan ni ó ṣàdédé ṣẹlẹ̀: agẹṣin kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, ẹṣin sì gbà á là. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn náà gidigidi, mo sì ti wo fíìmù rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé apá kan rẹ̀ ni a sábà máa ń sọ. Apá tí a máa ń fi sílẹ̀ ni pé fífò tí Halla fò ni ó ṣe Winkler léṣe, àti pé ìgboyà tí ó fi ṣe é léṣe ni ó fi gbé e já.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹṣin yìí ti wá. Ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Darmstadt, lọ́dọ̀ Gustav Vierling tí ó ni ín, ní ọdún kan náà tí ogun parí tí Jámánì sì wà nínú àwókù. Bàbá rẹ̀, Oberst, wá láti inú ìran àwọn ẹṣin tí wọ́n fi ń sá eré ìje pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ kékeré lẹ́yìn wọn. Ìyá rẹ̀, Helene, jẹ́ ẹṣin ilẹ̀ Faransé tí kò sí ẹni tí ó mọ ìran rẹ̀ dájú. Kì í ṣe inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹṣin ti máa ń wá ẹni tí yóò fo ìdènà gíga. Wọ́n fi Halla sá eré ìje onídènà, wọ́n sì dán an wò fún ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta, èyí tí ẹṣin ti gbọ́dọ̀ fi ìtẹríba hàn, kí ó sáré gba inú igbó àti omi kọjá, kí ó sì tún fo ìdènà nínú pápá. Agbára kò wọ́n ọn, eré kò sì wọ́n ọn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀, kò sì gbọ́ràn sí àwọn tí ó fẹ́ fi ipá mú un. Winkler fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ṣàpèjúwe rẹ̀ pé àdàlù ọlọ́gbọ́n àrà ọ̀tọ̀ àti ewúrẹ́ ayírí ni.

Ọdún 1951 ni Halla dé ọ̀dọ̀ Winkler. Ọmọ ìlú Barmen ni Winkler, wọ́n bí i ní ọdún 1926, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́ ẹṣin gígùn tí ogun gbẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ọmọ náà kò ní ẹṣin, kò sì ní owó. Títọ́jú ẹṣin ẹlẹ́ṣin ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé èyí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó bá ti ń gbá ilé ẹṣin, tí ó ń fọ pátákò, tí ó sì ń jí ní ìdájí láti fún ẹran lóúnjẹ, ti mọ ìṣe ẹṣin kí ó tó di ẹni tí ń jókòó sórí gàárì, kò sì ní yá a lára láti pe ẹṣin tí ó ń bẹ̀rù ní ọlọ̀tẹ̀.

Ẹ̀rù ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹranko tí a dá láti máa sá ni ẹṣin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ìdílé àwọn Balógun ń kọjá pẹ̀lú ẹṣin wọn, tí ìlù ń dún tí ìbọn sì ń ró, ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹṣin yóò máa yí etí kiri, ojú rẹ̀ yóò là débi pé funfun ẹyinjú rẹ̀ yóò hàn, awọ ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n lábẹ́ gàárì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì máa tẹlẹ̀ lójú kan bí ẹni tí ó ń wá ọ̀nà àtijáde. Bí ẹni tí ó gùn ún bá fa ìjánu le nítorí pé jìnnìjìnnì bo òun náà, ẹṣin yóò gbà pé ewu wà lóòótọ́. Bí ọwọ́ agẹṣin bá rọ̀, tí ìdí rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀ lórí gàárì, ẹṣin kan náà yóò mí kanlẹ̀, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láàárín ìró ìbọn. Ẹ̀rù náà kò tíì lọ. Ó kàn ti rí ẹni tí ó lè gbọ́kàn lé ni.

Ní ti ìdènà fífò, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ẹṣin tún le ju èyí lọ. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, nítorí náà ó ń rí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ju àwa ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ibì kan wà ní ọ̀kánkán iwájú orí rẹ̀ tí kò lè rí rárá. Nígbà tí ó bá ti sún mọ́ ìdènà tán, tí ó fẹ́ gbéra, ohun tí ó fẹ́ fò ti bọ́ kúrò lójú rẹ̀. Ohun tí ó rí ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn àti ohun tí ara agẹṣin ń sọ fún un ni ó fi ń fò. Ìṣísẹ̀ eré rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, nítorí náà bí ìṣirò bá yẹ̀ díẹ̀, ó lè dé ìdènà ní ibi tí ó jìnnà jù tàbí ibi tí ó sún mọ́ ọn jù. Ẹṣin ojo, bí ó bá rí i pé ibẹ̀ jìnnà, yóò fi ìṣísẹ̀ kékeré kan kún un, tàbí kí ó dúró gbagidi kí agẹṣin sì fi orí sọlẹ̀. Ẹṣin onígboyà yóò gbéra láti ibi tí ó jìnnà náà, yóò sì gbára lé agbára rẹ̀ pé òun yóò dé òdìkejì. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni Halla.

Kí ó tó di ọdún 1956, Winkler ti gba ipò kìíní àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì, ní Madrid ní 1954 àti ní Aachen ní 1955. Ìlànà ìdíje náà nígbà yẹn yàtọ̀: àwọn agẹṣin mẹ́rin tí ó bá kù ní ìparí yóò pààrọ̀ ẹṣin, kí oníkálukú lè gun ẹṣin àwọn mẹ́ta yòókù. Nítorí náà, Winkler ní láti fi ẹṣin tí kì í ṣe tirẹ̀ fo ìdènà níwájú ayé, àwọn mìíràn sì ní láti gun Halla. Mo ń mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn tí ó máa ń sọ pé ẹṣin ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, pé ẹrù lásán ni Winkler. Ẹni tí ó lè gun ẹṣin àjèjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó sì borí kì í ṣe ẹrù. Etí tí ó fi ń gbọ́ ohun tí ẹṣin ń sọ ni Halla ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní aláìgbọràn.

Melbourne ni wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1956, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Ọsirélíà lórí ẹranko tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ le débi pé àwọn ẹṣin kò lè wọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìdíje ẹṣin lọ sí Stockholm ní oṣù Kẹfà. Ìpele méjì ni àwọn agẹṣin yóò gùn ní ọjọ́ kan náà. Ìpele kìíní ń lọ dáadáa fún Halla títí tí ó fi dé ìdènà tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ó ti gbéra ṣáájú àkókò. Ó rí i pé òun lè dé òdìkejì, ó sì lọ. Ara Winkler kò tíì múra sílẹ̀; ó ta á sókè kúrò lórí gàárì, nígbà tí wọ́n sì balẹ̀, iṣan tí ó wà níbi tí itan ti pàdé ara ti fà ya. Ìdènà kan péré ni ó kù. Halla dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá tí kò lè fi itan di gàárì mú mọ́, ó sì gbá ọ̀pá rẹ̀ ṣubú. Àmì àṣìṣe mẹ́rin ni wọ́n kọ fún wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé Winkler nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, bóyá ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n agẹṣin mẹ́ta péré ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní, àmì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ń kà. Bí ẹnì kan bá yọ ara rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ti jáde nìyẹn. Fritz Thiedemann lórí Meteor àti Alfons Lütke-Westhues lórí Ala ti gun tiwọn, iṣẹ́ wọn yóò sì di asán bí Winkler bá dúró sílé. Oògùn apàrora wà, ṣùgbọ́n oògùn tí ó bá lè pa gbogbo ìrora náà lè pa ojú àti làákàyè rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì fẹ́ darí ẹṣin sí ìdènà gíga gbọ́dọ̀ ríran kedere. Nítorí náà, inú ìrora ni ó ti tún gùn ún.

Àwọn kan lè béèrè bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tí kò lè jókòó dáadáa lè ṣe ẹṣin rẹ̀ léṣe. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì máa ń wá sí èmi náà lọ́kàn. Ìdáhùn mi ni pé Winkler mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, kò sì gbìyànjú láti ṣe èyí tí kò lè ṣe. Ó darí orí Halla sí ìdènà kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Fún agẹṣin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí nira gan-an. Ìrora máa ń mú kí ara ènìyàn le, kí ọwọ́ rẹ̀ sì di ohun tí ó bá wà nítòsí mú, ìjánu sì ni ohun tí ó súnmọ́ ọwọ́ jù lọ. Ẹ tún rántí pé ẹṣin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láìdúró dè é, tí ìyẹn sì já a níṣan, ni ó tún tú ìjánu sílẹ̀ fún.

Ẹ wá wo Halla ná. Ẹṣin tí awọ rẹ̀ lè mọ̀ bí eṣinṣin kan bá bà lé e, mélòómélòó ni yóò mọ̀ pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn òun kò rí bí ó ti rí ní òwúrọ̀. Ìdí tí ó máa ń bá a rìn kò bá a rìn mọ́, ẹsẹ̀ tí ó máa ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dákẹ́, igbe sì ń jáde láti òkè orí rẹ̀. Ìwọ̀nyí gan-an ni ohun tí ó máa ń mú kí ẹṣin tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ yọ sá. Halla kò sá. Ó na etí síwájú, ó ń wo ìdènà, ó ń ka ìṣísẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń gbéra láti ibi tí ó yẹ. Kò gbá ọ̀pá kankan, kò sì kọ ìdènà kankan.

Àmì mẹ́rin ti ìpele kìíní nìkan ni ó wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n parí. Raimondo d'Inzeo ará Ítálì lórí Merano ní mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Piero lórí Uruguay sì ní mọ́kànlá. Wúrà ẹni kọ̀ọ̀kan di ti Winkler, wúrà ẹgbẹ́ sì di ti Jámánì pẹ̀lú àmì 40, Ítálì ní 66, Gẹ̀ẹ́sì sì ní 69.

Halla tún padà sí Òlíḿpíìkì ní Róòmù ní 1960, ó sì bá ẹgbẹ́ Jámánì gba wúrà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún kan náà. Ìdíje 125 ni ó ti borí. Ọmọ mẹ́jọ ni ó bí, kò sí èyí tí ó fò bí tirẹ̀, ó sì kú ní 1979 ní ẹni ọdún 34, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ẹṣin kì í dé. Ère rẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe wà ní Warendorf, àjọ ẹlẹ́ṣin Jámánì sì ti pàṣẹ pé ẹṣin ìdíje mìíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ Halla mọ́.

Winkler kò dúró. Ó tún gba wúrà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ní 1964 àti 1972, ó gba idẹ ní 1968 àti fàdákà ní 1976, gbogbo rẹ̀ lórí ẹṣin mìíràn, kí ó tó di olóògbé ní 2018 ní ẹni ọdún 91. Nínú àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì méje tí ó gbà, ọ̀kan ṣoṣo ni ó jẹ́ ti òun nìkan, orí Halla ni ó sì ti gbà á.