Ẹrù Tó Dé Lójijì àti Ẹrù Tó Ń Pẹ́

Àjàṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé pátákó oní-fọ́nrán kan (fọ́nrán dígí tàbí ti kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi rẹ́síìnì, àtè tí ń le, lẹ̀ pọ̀) lè gba ẹrù, ìyẹn ipá tí ń fà á tàbí tí ń lù ú, báyìí báyìí kí ó tó já, ó yẹ kí ó sọ bí ẹrù náà ṣe yára dé. Ìwé tí ń bá irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wá kì í sábà sọ ọ́. Láti rí iye inú ìwé náà, wọ́n máa ń di pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa fà á ní nǹkan bíi mìlímítà 2 ní ìṣẹ́jú kan títí yóò fi já. Ìyẹn lọ́ra púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀, tí gbogbo rẹ̀ ti parí kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé.

Rẹ́síìnì tí ó so àwọn fọ́nrán pọ̀ ni ìyára kọ́kọ́ ń hàn lára rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gígùn tí ojú kò lè rí ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n sì nílò àkókò kí wọ́n tó lè yọ̀ kọjá lára ara wọn. Bí a bá fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bí a bá lù ú lójijì, kò ráyè, ó le sí i, ó gba ẹrù sí i, ṣùgbọ́n ó fọ́ láìkọ́kọ́ nà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà títì tí ó ń fà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ̀sọ̀ fà á, tí ó sì ń fọ́ sábẹ́ òòlù.

Ní ti àwọn fọ́nrán fúnra wọn, ìwà wọn kò bára mu. Fọ́nrán dígí máa ń lágbára sí i bí ẹrù bá yára; ti kábọ́ọ̀nù, ní gígùn rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá fa pátákó kábọ́ọ̀nù kan náà ní ìbú, rẹ́síìnì ni ó ń gba ẹrù, ìyára á sì tún hàn.

Lọ́sàn-án, mo dúró létí ọ̀sà lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá kan tí ń tún ọkọ̀ ojú omi oní-fọ́nrán dígí ṣe. Ọkọ̀ náà ti kọlu òpó. Níta, ojú ibẹ̀ kàn funfun díẹ̀ ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ìka kàn án, ohùn rẹ̀ dún bọ̀ọ̀, kò dún gbangba bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. «Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀,» ni ó wí. Nínú, àwọn ìpele fọ́nrán ti ya kúrò lára ara wọn.

Síbẹ̀, ìdí ọkọ̀ náà ni ó ń kọ mí lóminú jù, níbi tí wọ́n so ẹ̀ńjìnnì mọ́, tí ẹrù rẹ̀ ń pẹ́ lórí fọ́nrán. Omi a máa bá dígí jà níbi tí ojú rẹ̀ ti ní àbùkù kékeré, ìjà náà sì ń fẹ́ àkókò. Ẹrù tí fọ́nrán dígí gbà láìjanpata bí ó bá kàn kọjá, ó lè já lábẹ́ èyí tí ó kéré sí i bí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀ nínú omi.

Láti wọn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ tí ń rọra fà kò tó. Ọ̀pá gígùn tí ipá lílù ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí onímọ̀ ẹ̀rọ Bertram Hopkinson gbé kalẹ̀ ní 1914 tí Herbert Kolsky sì tún un ṣe ní 1949, ni wọ́n ń lò títí di òní. Èsì àwọn olùwádìí sì máa ń ta kora, nítorí pé bí ìyára bá pọ̀, ìwúwo ohun tí ó di pátákó náà mú ń dà pọ̀ mọ́ ohun tí a ń kà. Nítorí náà, nínú tábìlì iye ẹrù tí mo ń kọ lálẹ́ yìí, mo fi àyè sílẹ̀ lófo níwájú gbogbo iye tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sọ irú ẹ̀rọ tí ó lò.