Ọjọ́ là ń dá jọ bí èsúsú

Ọdún mẹ́ta gbáko ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fi ń sọ ọ́ pé a máa kọjá sí Gberefu. Àgbádárìgì ni wọ́n bí wa sí, a sì ń wo erékùṣù náà lódìkejì ọ̀sà bí ẹni ń wo ilé àna. "A máa lọ, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ dilẹ̀." Ta lọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ rí? Aránṣọ ni mí. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan jẹ́ tíṣà, ọ̀kan ń ta ẹja, Ìyá Ìbejì sì wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ méjì. Tá a bá fojú kan ara wa, nídìí òkú ìyá ẹnì kan ni, nínú aṣọ ẹbí, tí ariwo orin ò sì ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tẹ́nì kejì ń sọ.

Ẹlẹ́ja ló là wá lójú. Ó ní, "Ṣebí a jọ ń dá èsúsú, kò sì sóṣù tẹ́nikẹ́ni kì í rí tiẹ̀ san. Ẹ jẹ́ ká máa dá ọjọ́ jọ bẹ́ẹ̀ náà." Bó ṣe di Sátidé kejì oṣù nìyẹn. Ẹni tó bá kàn ló máa kó ọjọ́ náà: òun ló máa sọ ibi tá à ń lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tí kò bá wá ló máa san owó ọkọ̀ ẹni tó kó.

Àkókò tá a mú ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Sátidé ni òde lóòótọ́, àmọ́ òde wo ló ń bẹ̀rẹ̀ kí agogo méjìlá tó lù? Wọ́n lè kọ aago mẹ́wàá sínú káàdì, alásè ò tíì dáná. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa ń pàdé. Nígbà tó bá fi máa di mọ́kànlá, kálukú ti dé ilé rẹ̀, ó ń we gèlè. Lóṣù ààwẹ̀, ìrọ̀lẹ́ la máa ń jáde, ká lè jọ ṣínu létí ọ̀sà, torí pé méjì nínú wa ń gbààwẹ̀. Oṣù Kejìlá la yọ sílẹ̀. Aránṣọ wo ló ń ráyè ní Disẹ́ńbà?

Oṣù kìíní la lọ sí Gberefu. Ọyẹ́ mú, ojú omi dákẹ́ rọ́rọ́, ọkọ̀ sì gbé wa kọjá kíákíá. Ìrìn orí iyanrìn ló fẹ́ẹ̀ pa wá. Tíṣà wọ bàtà gogoro! Kò tíì rìn jìnnà tó fi bọ́ ọ, tó há a sí abíyá. A ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé ìdí kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi rí òkun. A jókòó, a fi àgbọn jẹ gààrí. A ò wẹ̀ o, torí omi tó ń padà sínú òkun níbẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ.

Ní oṣù kẹfà tó kan Ìyá Ìbejì, ó ní abẹ́ igi àgbọn inú ọgbà òun la máa jókòó sí. Inú ẹlẹ́ja ò dùn, ṣùgbọ́n òfin lòfin. Àgbàdo tuntun la sun jẹ níbẹ̀, àwọn ìbejì ń rá kiri lórí ẹní. Láti ìgbà náà ni Ìyá Ìbejì kì í ti í pa oṣù kankan jẹ mọ́.

Ẹ̀bi tèmi ni ti oṣù keje. Òjò ti ṣú láti òru, mo ní á dá, ọkọ̀ la máa wọ̀. Àárín ọ̀sà ló ká wa mọ́. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mẹ́ta péré ló wà nínú ọkọ̀, àwa márùn-ún. Nọ́ọ̀sì di etí ọkọ̀ mú débi pé èékánná rẹ̀ funfun. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò sì bá a jà. Ní báyìí, a máa ń ka ẹ̀wù yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀, tí kò bá pé, a padà sílé. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù keje, orí ilẹ̀ la máa ń wà, títí kan oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí òjò tún máa ń padà dé.

Ọjọ́ òjò náà ní tiẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, a rìn gba Màrínà, a yà sí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Èmi tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láti kékeré, mi ò wọ inú rẹ̀ rí!

Èmi ló kàn lóṣù yìí. Aṣọ òkú mẹ́rìnlá ló wà lórí tábìlì mi, oníbàárà kan sì ní àárọ̀ Sátidé lòun máa wá gba tòun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbà á ní alẹ́ Jímọ̀, mi ò ní sí nílé." Wọ́n ní òde wo ni mò ń lọ ní kùtùkùtù bẹ́ẹ̀. Mo ní mò ń lọ kó èsúsú ni.