Ọdún tí mo fi etí ṣe fíìmù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe, ìṣẹ́jú 2 péré ni mo ní láti fi hàn án. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù adẹ́rùbani ni, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa nínú ẹ̀kọ́ media, tí máàkì rẹ̀ sì wọ inú èsì wa. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: kó má ju ìṣẹ́jú 2 lọ, kí orúkọ àwọn tó ṣe é máa jáde lójú àwòrán, kó má sí àwòrán tàbí ìró kankan níbẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, àfi èyí tí ẹni tó ni ín bá yọ̀ǹda. Wọn ò ní ká parí ìtàn. Ká ṣáà jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó fẹ́ mọ ohun tó kàn.

Àwọn nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí o. Mo bá ọ̀rẹ́ kan jà, a sì ti parí rẹ̀. Ìṣirò tó máa ń dà mí láàmú ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó pé kí n yẹ ọdún wò, ìṣẹ́jú 2 yẹn ló gba gbogbo àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Àwa mẹ́rin la jọ ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnì kan fẹ́ igbó, ẹnì kan fẹ́ ẹni tó dé ìbòjú, gbogbo wa la sì fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Olùkọ́ wa gbọ́ wa tán, wọ́n wá béèrè pé: "Ọmọ tí ẹ ní ó ń sá yìí, kí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó di pé ó ń sá?" A wo ara wa lójú. "Ẹ jẹ́ ká lọ ronú sí i, mà." Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa, bẹ́ẹ̀ ta ni àyà rẹ̀ máa ń já nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí?

Ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú wa ló mú ìtàn tí a padà lò wá. Ọmọbìnrin kan ṣẹ́kù sí kíláàsì lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ. Fóònù rẹ̀ dún: voice note ni, nọ́ńbà tó sì ti wá, nọ́ńbà òun fúnra rẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ àga tí wọ́n wọ́ nílẹ̀, ó gbọ́ síìpù báàgì, ó gbọ́ ẹni tó wúkọ́. Kò kà á sí nǹkan kan. Ó wọ́ àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó fa síìpù báàgì, ó wúkọ́, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró sójú kan. Ohun tó wà nínú fóònù yẹn fi ìṣẹ́jú àáyá 10 ṣáájú rẹ̀. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí nínú fóònù, ẹsẹ̀ ẹnì kan sì ń bọ̀.

Ó tán. Kò sí iwin, kò sí ọ̀bẹ. Inú mi dùn pé a bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀, torí wàhálà ni. Nígbà tí olùdarí fíìmù Alfred Hitchcock ń ṣe Psycho, fíìmù adẹ́rùbani tó jáde lọ́dún 1960, omi ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, ta ló máa mọ̀? Tiwa ní àwọ̀.

Nígbà tí a ń pín iṣẹ́, ọwọ́ mẹ́ta ló nà sí kámẹ́rà. Ohùn ló ṣẹ́ kù sílẹ̀, ó sì já lé mi léjìká. Inú mi ò dùn sí i, àfìgbà tí mo ka ìtàn John Carpenter, olùdarí fíìmù adẹ́rùbani. Ó fi Halloween, fíìmù rẹ̀ ti 1978, han ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá nígbà tí kò tíì fi orin àti ìró sí i, ẹ̀rù ò ba onítọ̀hún rárá. Carpenter fúnra rẹ̀ ló kọ orin tó wọ inú rẹ̀, dùùrù tí ìlù rẹ̀ ń ka 5 níbi tí etí ti ń retí 4, tí ara ò fi ní balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gba máíkì tọwọ́tẹsẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ya á, iná kan ṣoṣo la fi sílẹ̀ nínú yàrá, iná fóònù sì ń tàn sí òṣèré wa lójú láti ìsàlẹ̀. N ò ní sọ púpọ̀ nípa kámẹ́rà, torí ẹni tó dì í mú ti ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí mo rántí ni ohun tí olùdarí wa sọ fún òṣèré náà: "Má ṣojú ìbẹ̀rù. Ṣáà máa gbọ́." Ó ṣiṣẹ́. Bó ṣe dúró, tó yí orí díẹ̀ sí apá kan, àwa tí a wà lẹ́yìn kámẹ́rà náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́tí.

Kí a tó tú ká, mo bẹ̀ wọ́n pé kí gbogbo wọn dúró láìmira fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí n gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń ṣeré. Àmọ́ kò sí yàrá méjì tí ìdákẹ́jẹ́ wọn bára mu: ẹ̀rọ kan á máa kùn níbì kan, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí a bá gé ìró, tí a ò sì ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn láti fi dí àlàfo, etí á gbọ́ ojú ibi tí a ti so ó. Gbogbo wa dákẹ́. Ikùn òṣèré wa bá kùn, hùrùrùrù, ó gùn, ó tún yí ohùn padà níparí. Ẹ̀rín pa wá débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀. Mo tún òmíràn gbà, ṣùgbọ́n n ò pa ti ikùn rẹ́.

Nílé, mo fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ìró ṣe, fa ìró ikùn náà gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìró bá falẹ̀ báyẹn, ohùn rẹ̀ náà á lọ sílẹ̀. Mo fi ìró ẹsẹ̀ àga onírin tí a wọ́ lórí sìmẹ́ńtì kún un. Ohun tó jáde mú kí n bọ́ headphone sílẹ̀, kí n wẹ̀yìn. Òun ló ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú fíìmù wa.

Ibi tó wù mí jù lọ, kò sẹ́ni tó kíyè sí i, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo gé gbogbo ìró tó wà lábẹ́ 300 Hz àti èyí tó wà lókè 3,400 Hz (Hz la fi ń wọn bí ìró ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó) kúrò nínú voice note náà, tó fi ń dún tín-ín-rín bí ohùn orí tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí nínú rẹ̀, mo ń dá ìsàlẹ̀ ohùn padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn fi máa tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí nínú fóònù mọ́. Inú yàrá ló wà. Ojú ò rí nǹkan kan tó yí padà.

Ibi orúkọ fíìmù ni èmi àti ẹni tó ń ṣe àtúntò, tó ń gé àwòrán tó sì ń so ó pọ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ìtàn ti ṣèlérí ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹni tó ń wò sì ti ń kà á nínú ara rẹ̀ láìmọ̀. Òun fẹ́ kí ilẹ̀kùn gidi ṣí ní 10 gérégé, kí orin bú jáde gbàgà, kí gbogbo èèyàn fò sókè. Mo ní rárá, ẹni tó bá ti fò sókè ti sinmi nìyẹn. Mo ní ká pa ojú àwòrán dúdú ní 8, ká pa gbogbo ìró, títí kan ìdákẹ́jẹ́ yàrá, kí orúkọ fíìmù jáde kó sì wọlé padà, ká wá gbọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn: kọ́. Olùdarí wa wo méjèèjì. Ó mú tèmi, àmọ́ ó sún un sí 9, ó sì gba bẹ́ẹ̀. Ní 8, ó ń ṣe èèyàn bíi pé a gé e láìtó; ní 9, èèyàn ti fa èémí sínú, kò sì tíì rí àyè mí in jáde.

Àwọn orúkọ yòókù náà ní ìtò tiwọn: ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ló ń ṣáájú, olùdarí ló máa ń kẹ́yìn. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, títí olùkọ́ wa fi sọ ti Night of the Living Dead, fíìmù adẹ́rùbani ti 1968. Àwọn tó ń pín in kiri yí orúkọ rẹ̀ padà, àmì ẹ̀tọ́ oní-nǹkan (copyright) tó wà lójú kan náà pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ bá a lọ, òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá wù ló lè tà á. Ìlà kan ṣoṣo! Láti ọjọ́ yẹn ni ẹni tó ń ṣe àtúntò wa ti ń yẹ orúkọ wa wò bí ẹni ń ka owó.

Lọ́jọ́ tí a fi han kíláàsì, ojú àwọn èèyàn là ń wò. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí nínú fóònù, ọmọkùnrin kan níwájú yíjú wo ilẹ̀kùn kíláàsì wa gan-an. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju máàkì lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn "kọ́" yẹn, ẹ̀rín ẹni tí àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn o: púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé nọ́ńbà ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni, torí ojú fóònù kò pẹ́ tó, wọ́n tún ní lẹ́tà orúkọ fíìmù ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kò ṣeé kà. A pààrọ̀ lẹ́tà. Àkókò tí a fi kún ti fóònù, a yọ ọ́ kúrò níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń rìn bọ̀, ibi tí oníkámẹ́rà wa fẹ́ràn jù. Kò tíì dárí jì wá tán. Òṣèré wa ní tirẹ̀, nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ikùn, ó ní dandan ni kí orúkọ òun tún wà lábẹ́ ìró. Mo fi sí i.

Nǹkan kan ni ọdún náà gbà lọ́wọ́ mi: n ò lè wo fíìmù adẹ́rùbani mọ́ bí àwọn ará ilé mi ṣe ń wò ó. Bí àyà wọn bá ń já, èmi á máa ní "ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe yọ ìdákẹ́jẹ́ yàrá". Àbúrò mi ti lé mi kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Máàkì fíìmù dáa. Ti ìwé àlàyé tó tẹ̀ lé e, a dúpẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, trailer la máa ṣe, a sì ti jókòó lé e lórí. Bí a ṣe dé ibi pínpín iṣẹ́, ọwọ́ mẹ́ta tún nà sókè, ohùn ni gbogbo wọn fẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ di kámẹ́rà wọn mú.