Ẹ má pa àdírẹ́sì àtijọ́ rẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìkànnì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìkànnì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè Yorùbá ṣe é, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí ni pé láìpẹ́ yìí, ó ju ẹnì kan lọ nínú yín tó fi ìkànnì tuntun hàn mí. Àwọ̀ rẹ̀ dára, lẹ́tà rẹ̀ fani mọ́ra, ó sì ń ṣí kíákíá lórí fóònù. Mo bi wọ́n pé àwọn àdírẹ́sì àtijọ́, ìyẹn línkì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ńkọ́? Ìdáhùn kan náà ni mo gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, a ti pa wọ́n rẹ́, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni." Àyà mi já.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀ pé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àkọlé tirẹ̀, ẹ mọ̀ pé HTTPS, tó ń dáàbò bo ìsopọ̀ òǹkàwé mọ́ ìkànnì, ti di dandan, ẹ mọ bí a ṣe ń fi sitemap (àtòjọ àwọn ojú ìwé ìkànnì) ránṣẹ́ nínú Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi bí ìkànnì ẹni ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn hàn. Ẹ sì mọ̀ pé kíkó ọ̀rọ̀ jọ sínú meta keywords, àyè ọ̀rọ̀ ìṣàwárí tó fara sin nínú kóòdù ojú ìwé, kò wúlò fún Google. Láti oṣù Kẹsàn-án 2009 ni wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kì í wò ó. Nǹkan díẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ fún yín ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ wo bí àwọn òǹkàwé ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ gan-an. Search Console á to ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi wá yín kalẹ̀ fún yín. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, "Oríkì Ìbejì" ni a kọ, pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Ohun tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ ni "oriki ibeji", "ejire ara isokun", "oriki taiwo ati kehinde". Ọ̀pọ̀ ni kò ní kíbọọ̀dù Yorùbá lórí fóònù, ẹni tó sì ní in kì í fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù láti máa wá àmì kiri. Èyí ò ní kí ẹ yọ àmì kúrò lára iṣẹ́ yín o. Ẹni tó bá yọ àmì kúrò lára oríkì ti ba oríkì náà jẹ́, ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi ki ọmọ rẹ̀ kò ní mọ bí yóò ṣe pè é. Inú àdírẹ́sì ni kí ẹ ti yọ ọ́. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà "ẹ" ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ẹ̀. Àmì ohùn dá dúró lọ́tọ̀, a kàn ń gbé e lé e lórí ni. Tí ẹ bá wá da línkì bẹ́ẹ̀ sórí WhatsApp, àmì ohùn ìsàlẹ̀ á di %CC%80, àmì ohùn òkè á di %CC%81, línkì á gùn gbọọrọ, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á sì rò pé àwọn gbájúẹ̀ ló ni ín. Ẹ kọ oriki-ibeji sínú àdírẹ́sì, kí ẹ kọ Oríkì Ìbejì sí àkọlé. Ẹ yan fọ́ǹtì tó lè gbé àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan fò kúrò láyè rẹ̀. Noto Sans ń ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Èkejì, ẹ ṣàánú dátà àwọn ènìyàn. Fọ́tò tó jáde tààrà láti inú fóònù lè tó 4 MB. Ẹ gé e kúrú, kí ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, kí ẹ tó gbé e sókè. Òṣùwọ̀n Google fúnra rẹ̀ ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, ẹni tó ń fi nẹ́tíwọ̀kì tí kò lágbára wò yín ní Ṣakí tàbí Kétu kò sì ní dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sì ti ṣí, ẹ fún un lóhun tó bá wá kíákíá. Ẹni tó ń wá bí a ṣe ń se gbẹ̀gìrì kò wá ìtàn ìgbà èwe yín. Ẹ̀wà mélòó, iyọ̀ mélòó, báwo ni èèpo ṣe ń ṣí, ìyẹn ló ń wá. Ìtàn lè wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹun yó tán, á kà á.

Ẹ̀kẹta ni àdírẹ́sì, òun gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé yìí.

Ìkànnì kan wà ní Ìbàdàn tí mo bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Oríkì, oúnjẹ, ìtumọ̀ orúkọ àti àlọ́ ni a ń gbé jáde. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. Ojú ìwé oríkì ìbejì ló kọ́kọ́ gòkè. Ẹni tó bá bí ìbejì ní London tàbí Houston, tó fẹ́ ohun tí wọn yóò fi ki àwọn ọmọ níbi ìkómọ, ọ̀dọ̀ wa ló ń já sí. Àwọn olùkọ́ ń fi línkì wa sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lókè òkun ń fi sórí ìkànnì tiwọn. Láti 1998 tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá Google sílẹ̀, irú línkì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ojú ìwé tó ṣeé gbọ́kàn lé. A ò fowó ra ọ̀kankan. Iṣẹ́ wa ló bá wa wá a.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ oríkì náà. "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí" ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní kí ọmọ ọmọ òun bá òun tẹ̀ ẹ́ pé a ti fo "wínrinwínrin lójú orogún, ejìwọ̀rọ̀ lójú ìyá rẹ̀". A fi kún un lọ́jọ́ náà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójú ìwé náà. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé a ń gbọ́, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í mú ti agbo ilé tirẹ̀ wá: ará Ọ̀yọ́ ní báyìí ni wọ́n ń kì í nílé àwọn, Ìgbómìnà ní tàwọn yàtọ̀. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń padà wá ka èsì. Tí ẹ bá ń wá bí òǹkàwé ṣe máa ń pẹ́ lórí ìkànnì, mi ò mọ ọ̀nà tó ju ìyẹn lọ.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá tuntun dé. Ó ní ìkànnì ti gbó. Òótọ́ ni, ó ti gbó. Ó gbé iṣẹ́ fún àwọn kan láti Èkó pé kí wọ́n tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Mo rí i nínú ètò wọn pé oriki-ibeji fẹ́ di asa/oriki/ibeji-oriki, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdírẹ́sì yòókù náà yóò yí padà. Mo jókòó, mo to àdírẹ́sì àtijọ́ sínú Excel, mo kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà kan sí ìkan. Mo ṣe é lálẹ́, mo ṣe é lópin ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀ fún mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tí a bá fi redirect 301 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tẹ àtijọ́ á bọ́ sí tuntun, Google náà á sì mọ̀ pé ojú ìwé yẹn ló kó lọ. Láìsí i, bí ẹni kó kúrò nílé láìsọ fún ará ilé ibi tó ń lọ ni: àlejò á dé, á kanlẹ̀kùn títí, á padà.

Olórí wọn dá mi lóhùn níwájú ọ̀gá pé Google ní làákàyè, á wá a rí fúnra rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rù ìlọsíwájú ló ń bà mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, mi ò ní purọ́ fún yín.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé ìkànnì tuntun jáde, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n túká. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, gbogbo línkì tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ti fi sílẹ̀ láti ọdún yìí wá ti di 404, ìyẹn "ojú ìwé yìí kò sí". Mo pe àwọn ará Èkó, wọn ò gbé e. Mo pe ọ̀gá, ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi.

Èyí tó burú jù fara sin. Lójú ènìyàn, ìkànnì náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ojoojúmọ́ ni iye ojú ìwé wa tó wà lọ́dọ̀ Google ń dín kù, títí kan àwọn tuntun. Mo ṣí kóòdù ojú ìwé àkọ́kọ́, mo ń kà á láti òkè bọ̀, mo sì rí i: noindex, nofollow, àṣẹ tó ń sọ fún Google pé kó má fi ojú ìwé náà sínú àkójọ rẹ̀, kó má sì tẹ̀lé línkì inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìkànnì náà, wọ́n ti tẹ àpótí kan nínú WordPress, ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ ọ, lábẹ́ Settings, ní Reading, èyí tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Ó dára kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà ìdánrawò. Wọn ò yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde. Gbogbo ìgbà tí Googlebot, ẹ̀rọ Google tó ń ka ìkànnì kiri, bá wá kí wa, àwa fúnra wa là ń sọ fún un pé kó yọ wá kúrò.

Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní àwọn tó ń kọ̀wé ò kọ ohun tí ayé ń fẹ́ mọ́. Àwọn tó ń polówó ọjà lọ́dọ̀ wa ti ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa kó oríkì jọ, tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò láti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa lọ. Ẹni tó fi noindex sílẹ̀ gba owó rẹ̀ pé.

Ìgbà tí ilé ti jó tán ni wọ́n rántí Excel mi. A yọ noindex. A fi 301 sí àwọn àdírẹ́sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí a darí gbogbo wọn sí ojú ìwé àkọ́kọ́ kó lè yá, mo kọ̀ jálẹ̀, nítorí Google máa ń ka irú ẹ̀ sí ojú ìwé tí kò sí mọ́, òǹkàwé tó wá oríkì náà kò sì wá ojú ìwé àkọ́kọ́. Àwọn àdírẹ́sì tí mo fò, inú Search Console ni mo ti rí wọn. Ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oṣù 16. Oríkì ìbejì padà gòkè nígbà tó yá. Ojú ìwé ewédú kò padà síbi tó wà, ìkànnì mìíràn ti jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ ó bá àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ níwájú ọ̀gá pàdé. Ẹ má bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ nínú ímeèlì, kí ọjọ́ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè pé kí wọ́n fèsì bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ímeèlì yẹn ló gbà mí sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, ẹ fetí sí ẹni tó ti ń gbé inú ilé náà kí ẹ tó dé, ì báà jẹ́ ẹni tó kéré jù níbẹ̀. Ó mọ ibi tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó kó ìkànnì kúrò níbì kan, ẹ to gbogbo àdírẹ́sì sílẹ̀. Ẹ dán redirect wò kó tó di ọjọ́ ìgbéjáde, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ ó kéré tán fún ọdún kan. Google fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ ní yọ ọ́ láéláé. Ẹ wá noindex nínú kóòdù ojú ìwé ní wákàtí tí ẹ bá gbé e jáde, kí ẹ tún wá a lọ́jọ́ kejì. Ẹ má gbé ohunkóhun jáde lọ́jọ́ Ẹtì.

Kí ẹ sì kó ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé kọ sábẹ́ ojú ìwé dání, nítorí ibẹ̀ ni ó ti dùn mí jù. Àwọn ará Èkó ò kó ọ̀kankan wá sórí ìkànnì tuntun, wọ́n ti nu server àtijọ́, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, kí n tó bèèrè. Gbogbo oríkì tí àwọn ènìyàn mú wá láti agbo ilé wọn lọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ Wayback Machine ti Internet Archive, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ìkànnì, mo rí díẹ̀ lára wọn níbẹ̀, mo sì dà wọ́n kọ padà sábẹ́ ojú ìwé náà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ wọ́n. Ti ìyá àgbà yẹn wà lára wọn. Ti àwọn Ìgbómìnà ni mi ò rí. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ nínú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.