“Àǹtí, Kí La Ṣe?”: Ohun tí TP kọ́ mi nípa ọkọ́, ewédú àti àwọn ọmọ SS1

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ilé-ìwé tí wọ́n fi mí sí fún TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà tí wọ́n ń rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ ṣe, mo wọ kíláàsì SS1, mo ní, “Ó yá, ẹ lọ gbé ọkọ́, oko là ń lọ.” Mo rò pé wọ́n á hó yèè ni. Nígbà tí èmi náà wà ní girama, bí tíṣà bá ti ní ká jáde ní kíláàsì, ariwo ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dìde, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la ṣe?”

Ó ṣe díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Wọ́n rò pé ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ wọ́n.

Ní ilé-ìwé náà, ẹni tó bá pẹ́ dé, àdá ni. Ẹni tó bá pariwo, ọkọ́ ni. Ẹni tí kò bá gẹ irun, ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ nínú kíláàsì, ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni kó lọ máa ro. Láti JSS1 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni mo wá fẹ́ kó máa yọ̀ torí pé mo dárúkọ ọkọ́?

Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi náà ti dá sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ 62 ló wà níwájú mi, ohùn mi ò dé ìdajì yàrá. Ìwúlò iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́ wọn, àmọ́ kí n má purọ́, nóòtù ni mò ń kà fún wọn kọ bí ẹni ń ka ìròyìn orí rédíò. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ta ayò. Mo mú márùn-ún nínú wọn, mo ní kí wọ́n lọ ro ẹ̀yìn kíláàsì. Gbogbo yàrá parọ́rọ́. Lọ́jọ́ yẹn, bí ọ̀gá ni mo ṣe rìn padà sí yàrá àwọn tíṣà.

Gbogbo ilé-ìwé ló ń pe tíṣà tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ wọn ní Bàbá Ágíríkì. Wọ́n rí mi lọ́jọ́ náà, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo wá ròyìn ohun tí ọmọbìnrin yẹn bi mí fún wọn ni wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọkọ́ tí o fi fìyà jẹ ọmọ lọ́jọ́ Ajé, ṣé òun náà lo fẹ́ kó máa fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́rú?”

Ẹni tó bá ń lọ fún TP Ágíríkì, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àlejò ni wá, a ò lè yí òfin ilé-ìwé onílé padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi ò tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò tún fi ọkọ́ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá pariwo, òun ni yóò pa pátákó rẹ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Lẹ́yìn náà mo lọ bá tíṣà tó ń mójú tó àwọn apẹ́lẹ́yìn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé ilẹ̀ kékeré ẹ̀yìn kíláàsì SS1, kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ fún ìyà. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, wọ́n ní kò burú. A kan èèkàn mẹ́rin síbẹ̀, a fa okùn yí i ká.

Kí n tó lọ jìnnà: Muṣin ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ tí mo mọ̀ kí n tó wọ yunifásítì kò ju ewé efinrin inú garawa lórí balùwẹ̀ ìyá mi lọ. Ìlú kan ní Òkè-Ògùn ni wọ́n wá gbé mi lọ, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ti lè wo ojú ọ̀run kó sọ fún ọ pé òjò yìí á yà. Mo ní ìwé, wọ́n ní oko. Lọ́sẹ̀ kìíní, ìbẹ̀rù kí wọ́n má baà mọ̀ pé mi ò mọ oko ló jẹ́ kí n máa sá pamọ́ sẹ́yìn nóòtù.

Ewédú ló tú mi fó.

Ìdí tí mo fi mú ewédú ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré la ní. Àgbàdo á gbà tó oṣù mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, o ti ń ká a. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà dára, kì í pẹ́ rárá. Ẹ wo iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní kí ẹ tó mú irúgbìn, torí àwọn kan lára wa gbin àgbàdo, TP sì parí kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ò rí òpin ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

A kọ ebè pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní bẹ́ẹ̀dì, gígùn rẹ̀ mítà mẹ́ta, fífẹ̀ rẹ̀ mítà kan, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi léròrò. Mo ra irúgbìn ewédú lọ́jà, mo fọ́n ọn sí i, mo bo erùpẹ̀ lé e, a sì ń bomi rin ín láràárọ̀. Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ karùn-ún, koríko imí eṣú ló hù. Ọjọ́ kẹjọ, a ka ewédú mọ́kànlá lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo da odidi ṣíbí irúgbìn sí. Ọmọ 62 dúró yí mi ká, wọ́n ń wo ojú mi.

Ọmọkùnrin gíga kan wà lẹ́yìn wọn, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí mo rán lọ ro ilẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní. Kò bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Ó la ẹnu, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ bọ̀ ọ́?”

“Mo bọ kí ni?”

“Irúgbìn yẹn mà. Ṣé ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná?”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ fi ohùn líle dá a dúró, torí bí ẹ̀fín ni ẹ̀rù ṣe ń yọ lára mi. Irúgbìn tí mo fẹ́ gbìn, ṣé kí n tún wá sè é ni? Àmọ́ bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ni nǹkan kan ta mí lọ́pọlọ: oorun irúgbìn! Mo ti kọ ọ́ ní ìdánwò rí ní yunifásítì, mo sì yege. Èèpo irúgbìn mìíràn máa ń le débi pé omi ò ráyè wọlé, tí yóò fi máa sùn nínú ilẹ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí ìwé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ewédú wà lára wọn.

Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n. Lọ́la, wá fi hàn wá.”

Lọ́jọ́ kejì ó dé pẹ̀lú irúgbìn ìyá rẹ̀. Ó wé e sínú àkísà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó so ó bí ẹni so owó sétí ìró. Ìyá onírẹ́sì ẹnu géètì fún wa ní omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Ó ri àkísà náà bọ inú rẹ̀, gbogbo kíláàsì ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó fà á yọ, ó sọ ọ́ sínú omi tútù. Ó ní bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ lẹ fi ń sè, kì í ṣe irúgbìn mọ́. A sá a sórí páálí kí ara rẹ̀ gbẹ, ó wá pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà dà sójú kan, torí irúgbìn ewédú kéré, ọwọ́ kì í ráyè yà á.

Ibi tí èmi náà ti rí iṣẹ́ ṣe nìyí. Mo ní ká pín bẹ́ẹ̀dì sí méjì, ká fa okùn sáàárín. Apá ọ̀tún, irúgbìn tí a bọ̀. Apá òsì, irúgbìn ìyá rẹ̀ kan náà, tí a ò bọ̀. Ọmọ náà yarí, ó ní kí la fẹ́ fi irúgbìn ṣòfò fún, ṣebí òun ti mọ̀ pé kò ní hù. Mo ní ìwọ mọ̀, àwọn yòókù ńkọ́? Lọ́jọ́ kẹrin, apá ọ̀tún ti ń yọ orí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Apá òsì dà bí orí apárí. Ìgbà náà ni mo tó kọ oorun irúgbìn sí pátákó, mi ò sì ka nóòtù kankan. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́, èmi kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ọmọ bá mọ nǹkan jù ọ́ lọ lóko, jẹ́ kó fi hàn, ṣùgbọ́n má fi kíláàsì sílẹ̀ fún un kí o wá jókòó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìwọ lo máa bi í pé kí ló dé.

Bó ṣe rí nípa orúkọ koríko náà nìyẹn. WAEC fẹ́ orúkọ àwọn onímọ̀, àwọn ọmọ sì ń há a sórí bí ọfọ̀ láì mọ ohun tí wọ́n ń pè. Mo ní kí oníkálukú fa koríko kan wá látilé, kó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, ká tó lẹ orúkọ ìwé mọ́ ọn. Èkan di Imperata cylindrica. Ewé Akíntọ́lá di Chromolaena odorata. Imí eṣú tó yọ̀ mí lẹ́nu lórí bẹ́ẹ̀dì di Ageratum conyzoides. A lẹ gbogbo wọn mọ́ páálí. Ẹnìkan nínú àwọn tíṣà kọjá, ó ní Yorùbá pọ̀ jù ní kíláàsì mi. Mo ní ẹ má bínú sà. Mo ń bá a lọ.

Àṣìṣe kan tí mi ò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe: ọjọ́ tí a fẹ́ ṣán ẹ̀gbẹ́ oko, mo pín àdá fún ẹni tó bá ti na ọwọ́. Ọmọ kan ṣá ara rẹ̀ létí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Kò jinlẹ̀, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀jẹ̀ lára sálúbàtà rẹ̀ sójú oorun fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ mẹ́jọ péré ló ń di irin mú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò wọ bàtà kì í sún mọ́ wọn, mo sì máa ń ka àdá kí a tó kúrò ní sítọ́ọ̀ àti nígbà tí a bá dé.

Olùbẹ̀wò láti yunifásítì wa dé láì sọ fún ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin. Wọ́n lọ sí kíláàsì, àga lásán ni wọ́n bá. Wọ́n rí wa lẹ́yìn ilé, mo kúnlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, erùpẹ̀ dé ìgúnpá mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni, “Nóòtù ẹ̀kọ́ yín dà?” Orí tábìlì ló wà, nínú yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Wọ́n yọ máàkì fún un, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ máa mú nóòtù dání lọ sóko, ẹ fi ọ̀rá wé e. Àmọ́ wọ́n bi ọmọ kan pé kí ló fà á tí apá òsì bẹ́ẹ̀dì fi ṣófo, ọmọ náà sì ṣàlàyé fún wọn fún odidi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn a ká ewédú náà, a dì í ní ìdì kéékèèké, a sì gbé e yí yàrá àwọn tíṣà ká. Bàbá Ágíríkì mú ìdì méjì, wọ́n ní àwọn ò ní sanwó títí ìyàwó àwọn á fi sè é, kí àwọn rí i bóyá ó fà. Lọ́jọ́ kejì, kí agogo tó lù, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà SS1. Owó ìdì méjì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bèèrè bóyá ó kù.